Bí ẹ ṣe lè kọ ìtàn jagunjagun ìlú yín káwọn tó mọ̀ ọ́n tó lọ tán

Ìjẹ̀ṣà ni bàbá mi, ọmọ Ìbàdàn ni ìyá mi. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tá a bá lọ sílé fún Kérésì, ìtàn Ògèdèǹgbé Agbógungbórò làwọn bàbá máa ń sọ fún wa lálẹ́, bí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ṣe para pọ̀, bí wọ́n ṣe dúró lórí òkè tí Ìbàdàn ò sì rí wọn gbé ṣubú. Tó bá wá di ọdún Iléyá, à á lọ sọ́dọ̀ ìyá ìyá mi ní Òkè-Àrẹ, níbẹ̀, Ààrẹ Látòósà ni tiwọn, bó ṣe kó ogun lọ bá àwọn tó ní àwọn ò sìn mọ́, bó ṣe kú sí ibùdó ogun tí kò padà wálé. Mo ti lé lógún ọdún kí n tó mọ̀ pé ogun kan náà, ogun Kírìjí, ni ilé méjèèjì ń sọ. Wọ́n dojú ìbọn kọ ara wọn, èmi sì ni ọmọ àwọn méjèèjì.

Látìgbà yẹn ni mo ti ń tọpa àwọn jagunjagun wa, tí mo sì ń bá ẹbí àti ará àdúgbò jókòó kí wọ́n lè kọ tiwọn náà sílẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé báwo lèèyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀, torí gbogbo ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́ ò ju orúkọ kan àti ìlà oríkì méjì mẹ́ta. Bí mo ṣe ń ṣe é ni mo fẹ́ kọ síbí, ẹ mú èyí tó bá wúlò fún yín. Ohun kan ṣoṣo ni mo máa kọ́kọ́ bẹ̀ yín fún: ẹ má gba ìtàn jagunjagun lẹ́nu àwọn ọmọ ẹ̀ nìkan, ẹ lọ wá ọmọ àwọn tó bá jà náà rí.

Ẹnì kan ni kẹ́ ẹ mú o. Bí ẹ bá ní "mo fẹ́ kọ nípa àwọn jagunjagun Ìbàdàn," ẹ ò ní parí ẹ̀ láyé, torí wọ́n pọ̀ ju iyanrìn lọ. Ẹ mú ẹnì kan tó kàn yín, baba ńlá yín, tàbí ẹni tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ sọ àdúgbò yín, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pè é, orúkọ àbísọ, orúkọ ìnagijẹ, oyè ẹ̀. Oyè yìí ló máa kọ́kọ́ dà yín láàmú. Balógun kì í ṣe orúkọ èèyàn, bí ẹnì kan bá ti kú ẹlòmíì á jẹ ẹ́. Òdérìnlọ́ ni Balógun tó kó Ìbàdàn lọ s'Óṣogbo ní 1840 tí wọ́n fi lé ogun Ìlọrin padà, Ìbíkúnlé ni Balógun nígbà ogun Ìjàyè, nígbà tó fi máa di ogun Jálumi ní 1878, Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n ló wà lórí ẹ̀. Bí bàbá àgbà kan bá wá sọ fún yín pé "Balógun ló wá fọ́ ìlú wa," Balógun wo? Bẹ́ẹ̀ náà ni Ààrẹ-Ọ̀nà-Kakaǹfò rí, Àfọ̀njá jẹ ẹ́ n'Ílọrin, Kúrunmí jẹ ẹ́ n'Íjàyè, Látòósà jẹ ẹ́ n'Íbàdàn, mo sì ti rí ibi tí wọ́n ti da ìtàn àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ mọ́ra bí ẹni po ẹ̀kọ. Ẹnì kan náà tún lè máa gun òkè oyè lọ. Ọ̀tún ni Ògúnmọ́lá nígbà ogun Ìjàyè, 1865 ló tó di Baṣọ̀run, kò sì lò ju ọdún méjì lọ níbẹ̀ kó tó kú ní 1867. Torí náà, bí ẹ bá gbọ́ ìtàn kan tí wọ́n pè é ní Baṣọ̀run, ẹ bi ara yín bóyá ọdún méjì yẹn ni ìtàn ọ̀hún ṣẹlẹ̀ àbí wọ́n kàn ń fi oyè tó gbẹ̀yìn pè é ni.

Kẹ́ ẹ tó ṣí ìwé kankan, ẹ lọ bá àwọn àgbà ilé. Ìwé ò ní sá lọ, àwọn àgbà ń lọ. Mo mọ ohun tí mo ń sọ, torí mo ti jókòó ti màmá kan rí fún wákàtí méjì, wọ́n ń kì, wọ́n ń sọ, mo gbé fóònù kalẹ̀ mo rò pé ó ń rẹ́kọ́dù, àṣé ó ti kún, kò gba ju ìṣẹ́jú mẹ́fà àkọ́kọ́ lọ. Mo ní màá padà wá lóṣù tó ń bọ̀. Wọ́n kú kóṣù náà tó parí. Títí dòní, ìṣẹ́jú mẹ́fà yẹn ni mo ní. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ pa nǹkan rẹ́ lórí fóònù kó láyè, ẹ gba bátìrì kún, ẹ pa nẹ́tíwọ̀kì kí ìpè má já a mọ́ yín lọ́wọ́, lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ẹ dá a dúró kẹ́ ẹ gbọ́ bó ṣe wọlé, kẹ́ ẹ tó máa bá a lọ. Kẹ́ ẹ tó sùn lọ́jọ́ yẹn, ẹ ṣe ẹ̀dà ẹ̀ síbòmíì.

Ẹ má dá lọ. Ẹ wá ọmọ ilé náà kan tó máa mú yín wọlé, torí ojú àjèjì ni wọ́n máa fi wò yín bí ẹ bá kàn já wọlé tẹ́ ẹ ń béèrè ogun àti ẹrú, ẹlòmíì á rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tàbí ọ̀rọ̀ oyè lẹ bá wá, ó sì lójú ẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ilẹ̀ àti ẹjọ́ oyè ló jẹ́ pé ìtàn jagunjagun ni wọ́n fi ń jà á. Ẹ mú obì lọ, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ dọ̀bálẹ̀ bó ṣe yẹ, ẹ ṣàlàyé ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi ìtàn náà ṣe, ẹ sì gba àṣẹ kẹ́ ẹ tó gbé fóònù jáde. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ó dáa kẹ́ ẹ má béèrè nǹkan púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ohun tó bá wù wọ́n.

Àwọn èèyàn máa ń sáré lọ bá mọ́gàjí nìkan. Mọ́gàjí dáa, òun ló mọ ìlà ìdílé, ta ló bí ta, ta ló jẹ tẹ̀lé ta. Àmọ́ tó bá jẹ́ oríkì ni, àwọn obìnrin ilé ni kẹ́ ẹ wá lọ, àwọn ìyàwó àgbà tí wọ́n fẹ́ wá sílé náà. Àwọn ni wọ́n ń kí ọkọ láàárọ̀, àwọn ni wọ́n ń kì í níjọ́ ìgbéyàwó, níjọ́ ìsìnkú, kò sì sí bí wọn ò ṣe ní mọ̀ ọ́n. Mo ti rí ilé tí mọ́gàjí ti ní "ìyẹn ti parẹ́, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n mọ́," tí ìyàwó àgbà tó ń yọ ọ̀gúnná lẹ́yìnkùlé sì kì í títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà béèrè tún ṣe pàtàkì. "Ọdún wo ni wọ́n bí bàbá yìí?" Ìbéèrè yẹn ò lérè, wọ́n á kàn fọkàn ṣírò ọdún kan fún yín torí kí wọ́n má já yín kulẹ̀ ni. Ẹ bi wọ́n pé: ogun wo ló kọ́kọ́ lọ? Ta ló tẹ̀ lé lọ? Ta ló fún un níbọn àkọ́kọ́? Kí lorúkọ ìyá ẹ̀, ìlú wo lobìnrin náà sì ti wá? Èwo nínú àwọn ìyàwó ẹ̀ ló jẹ́ pé ogun ló kó o wá? Ibo ni wọ́n sin ín sí? Ta ló gba ẹṣin ẹ̀? Ìlú ìyá ẹ̀ yìí, ẹ má fojú kéré ẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀nà sí apá kejì ogun ti máa ń ṣí.

Tó bá wá kan oríkì fúnra ẹ̀, ẹ má kà á bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn. Oríkì kì í tò tẹ̀léra, ìlà kan lè jẹ́ ti bàbá ńlá, èyí tó tẹ̀ lé e á jẹ́ ti ọmọ ọmọ, ìkẹta á jẹ́ ti gbogbo ìran pátá. Bí ẹ bá gbọ́ "Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí" nínú oríkì ẹnì kan, ẹ má tíì kọ ọ́ pé akọni lẹni yìí, oríkì orílẹ̀ nìyẹn, gbogbo ọmọ Oníkòyí ló ń jẹ́ ẹ, títí kan èyí tí kò gbé ìbọn rí. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń kọ ìlà kọ̀ọ̀kan sórí ìlà tiẹ̀, mo fún un ní nọ́mbà, mo wá padà lọ bá ẹni tó kì í, mo ní "Ẹ jọ̀ọ́ màmá, kí ló dé tí wọ́n fi ń pè é báyìí?" Ìdáhùn yẹn ni ìtàn. Nígbà míì wọn ò mọ̀ ọ́n, ẹ fi àyè sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ lọ bi ẹlòmíì. Ẹ sì kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn, ẹ má sọ pé ẹ máa padà wá fi àmì sí i, torí lẹ́yìn ọdún kan ẹ̀yin náà ò ní mọ̀ bóyá ọ̀tá ni wọ́n pè é tàbí ọta tàbí ọ̀ta.

Ọ̀rọ̀ ọdún wá. Àwọn tó jagun láyé ìgbà yẹn ò ní ìwé ìbí, ogun ni kàlẹ́ńdà wọn. Ẹ kọ àwọn ọdún tó dájú sórí pépà kan kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri: Ẹ̀gbá dé Abẹ́òkúta lábẹ́ Ṣódẹkẹ́ ní 1830. Ogun Òṣogbo, 1840. Dàhòmì wá bá Abẹ́òkúta ní 1851, wọ́n tún padà wá ní 1864. Ogun Ìjàyè bẹ̀rẹ̀ ní 1860, Ìjàyè tú ní 1862. Ìbàdàn fọ́ Iléṣà ní 1870. Jálumi, 1878. Àdéhùn Kírìjí, 1886. Ibùdó ogun tú pátápátá ní 1893. Bí wọ́n bá wá sọ fún yín pé ó ti ń ru àpò ẹ̀tù tẹ̀lé bàbá ẹ̀ nígbà ogun Ìjàyè, ọmọ bí ọdún mẹ́tàlá sí mẹ́rìndínlógún nìyẹn, a jẹ́ pé wọ́n bí i láàárín 1844 sí 1849. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an, "láàárín," ẹ má mú ọdún kan ṣoṣo kẹ́ ẹ wá máa jẹ́jẹ̀ẹ́ lé e lórí. Bí ilé bá sì ní bàbá náà lo àádóje ọdún láyé, ẹ wò ó bóyá kì í ṣe bàbá àti ọmọ tó jẹ́ orúkọ kan náà ni wọ́n sọ di ẹyọ ẹnì kan.

Orúkọ ogun pàápàá ń sọ̀rọ̀. Jálumi, wọ́n ní àwọn tí Ìbàdàn ń lé nítòsí Ìkìrun ló já lu omi Ọ̀tìn. Kírìjí, ìró ìbọn ńlá tí Èkìtì Parapọ̀ ń yìn lórí òkè ni. Bí baba ńlá yín bá ní ogun kan tó lọ tẹ́ ẹ ò rí nínú ìwé kankan, ẹ tú orúkọ náà wò, ó lè jẹ́ pé ogun tí gbogbo ayé mọ̀ ni, ìlú yín ló ń fi orúkọ míì pè é.

Ní ti ìwé, ọ̀dọ̀ Àlùfáà Samuel Johnson ni gbogbo wa ń lọ, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, torí kò sẹ́ni tó kọ tó o. Àmọ́ ẹ mọ ẹni tó kọ ìwé kẹ́ ẹ tó gbà á gbọ́. Sàró ni wọ́n bí i sí ní 1846, ìran Ọ̀yọ́ ni, Ìbàdàn ló ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó lọ Ọ̀yọ́. Ó parí ìwé náà ní 1897, wọ́n fi ránṣẹ́ sí òyìnbó kan pé kó tẹ̀ ẹ́, ìwé náà sọnù pátápátá, Johnson kú ní 1901 láìfojú kàn án, àbúrò ẹ̀ Dókítà Obadiah Johnson ló jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ tó fi sílẹ̀ tó tún un kọ, kó tó jáde ní 1921. Mi ò lè ka ìtàn yìí kí omi má gbọ̀n lójú mi. Ohun tó sì jẹ́ kí ìwé náà níyì jù lórí Kírìjí ni pé kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì, òun àti Àlùfáà Charles Phillips ti Oǹdó ni gómìnà Èkó rán láti máa gbé lẹ́tà àlàáfíà láàárín ibùdó méjèèjì, ó rí Ògèdèǹgbé lójúkojú, ó bá àwọn olóyè Ìbàdàn jókòó. Síbẹ̀ ìlú tó ti ń wo ayé ni Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́. Bí ẹ bá ń kà á, ẹ máa bi ara yín ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan pé: ṣé ó wà níbẹ̀ ni, àbí wọ́n sọ fún un? Àwọn wo ló sọ fún un? Kí ni ará Iléṣà tàbí ará Òkè-Ìmẹ̀sí ì bá sọ síbí? Mo máa ń kọ ìdáhùn sí ẹ̀gbẹ́ ìwé tèmi pẹ̀lú pẹ́ńsù.

Lẹ́yìn Johnson, ẹ wá àwọn tó kọ̀wé lọ́jọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀ gan-an. Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend dá sílẹ̀ l'Ábẹ́òkúta ní 1859 wà láyé títí di 1867, gbogbo ogun Ìjàyè ṣẹlẹ̀ lójú ẹ̀, ojú Ẹ̀gbá ló sì fi wò ó. Nígbà Kírìjí, ìwé ìròyìn ti pọ̀ l'Ékòó, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó ti Sàró dé sì ní ẹgbẹ́ tiwọn níbẹ̀. Lẹ́tà àwọn àlùfáà CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, wà ní Yunifásítì Birmingham nílùú òyìnbó, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́hùn-ún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yà síbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Àwa tá a wà nílé, National Archives wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ mú ìwé ìdánimọ̀ lọ, ẹ mú lẹ́tà kan dání láti ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ̀ yín, pẹ́ńsù ni kẹ́ ẹ mú, ẹ má mú bírò, ẹ sì béèrè kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò. Ẹ má béèrè orúkọ baba ńlá yín lọ́wọ́ wọn, wọn ò tò ó bẹ́ẹ̀. Orúkọ ìlú àti ọdún ni kẹ́ ẹ béèrè, kẹ́ ẹ wá máa ka fáìlì lọ díẹ̀díẹ̀. Ó ń gba sùúrù, ọjọ́ méjì lè kọjá kẹ́ ẹ tó rí ìlà kan. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ máa pariwo.

Kẹ́ ẹ tó kọ ohunkóhun nípa ogun, ẹ lọ síbi tí wọ́n ti jà á. Èmi ti ka Kírìjí tó ọdún mẹ́rin kí n tó débẹ̀, kò sì yé mi títí mo fi débẹ̀. Ẹ lè gba Òṣogbo sí Ìkìrun kẹ́ ẹ tó já sí Igbájọ, níbi tí ibùdó Ìbàdàn wà, Ìmẹ̀sí-Ilé ni tàwọn Èkìtì Parapọ̀, ìlú méjèèjì ò jìnnà síra rárá. Tẹ́ ẹ bá dúró níbẹ̀, tẹ́ ẹ wo àwọn òkè yẹn, ẹ máa rí ìdí tí ogun fi lè dúró sójú kan fún ọdún gbọọrọ, tí ẹnikẹ́ni ò lè lé ẹnikẹ́ni. Ẹ máa rí ìdí tí ìbọn tuntun tí àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà l'Ékòó fi ránṣẹ́, èyí tí wọ́n ń ti ẹ̀yìn ki ọta sí, fi mú Ìbàdàn nínú jẹ́, torí pé ṣakabùlà ni Ìbàdàn ń lò, kí ẹni tó ń ki ẹ̀tù láti ẹnu ìbọn tó ṣe tán, wọ́n á ti yìn ín lù ú léraléra. Ẹ fẹsẹ̀ rìn, ẹ ka ìṣẹ́jú, ẹ bi àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ pé kí lorúkọ odò yìí, kí ló dé tí wọ́n fi ń pe òkè yẹn bẹ́ẹ̀.

Ibi tó le jù lọ ló kàn yìí, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà á.

Àwọn bàbá wa tó jagun yìí kó èèyàn lẹ́rú. Gbogbo wọn ni. Ẹrú ló ń ro oko tí wọ́n fi ń bọ́ ogun, ẹrú ni wọ́n ń tà ra ìbọn, ẹrú ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ogun fúnra wọn. Bí ẹ bá yọ ọ́ kúrò, ìtàn náà á di ìyìn lásán. Ẹ wo Ògèdèǹgbé: Ìbàdàn mú un, ó gbé lọ́dọ̀ wọn, ibẹ̀ ló ti kọ́ bí Ìbàdàn ṣe ń jagun. Nígbà tí Fábùnmi Òkè-Ìmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀, aṣojú tí Ìbàdàn fi sórí ìlú wọn, ní 1878 tí ilẹ̀ gbiná, tí Èkìtì Parapọ̀ ń wá ẹni tó máa ṣe olórí ogun fún wọn, Ògèdèǹgbé ni wọ́n ránṣẹ́ sí, ìmọ̀ tó kó n'Íbàdàn ló sì fi dúró de Ìbàdàn. Tẹ́ ẹ bá kọ ìtàn ẹ̀ láìfọwọ́ kan ọdún tó lò ní Ìbàdàn torí pé ojú ń ti ilé láti sọ ọ́, ẹ ti yọ egungun ẹ̀yìn ìtàn náà kúrò. Ẹ má sì fi èyí tó tẹ̀ lé e pa mọ́ nílé wa náà: lẹ́yìn ogun, àwọn ọmọ ogun ẹ̀ ò jẹ́ káwọn ará oko gbádùn, wọ́n ń kó wọn lẹ́rù, Bower, òyìnbó tó jẹ́ aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì n'Íbàdàn, mú un ní 1894. Ó padà wálé, ó jẹ Ọbańlá, ó kú ní 1910. Nílé bàbá mi, ọdún tí mo kọ́kọ́ mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ogun yẹn, bàbá kan dìde kúrò níjokòó. Ọdún kejì, bàbá yẹn kan náà ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó sọ ìyókù fún mi.

Ohun kan náà n'Íbàdàn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló mọ Látòósà àti Ẹfúnṣetán Aníwúrà, orí ìtàgé sì ni wọ́n ti mọ̀ wọ́n, níbi tí Ìyálóde ti jẹ́ ìkà paraku tí Ààrẹ sì jẹ́ olùgbàlà. Ẹ ka ohun tí Johnson kọ. Ẹ̀sùn mẹ́ta ni Ààrẹ fi kàn án ní 1874: pé kò bá òun lọ sógun, pé kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí òun nígbà tí òun wà lójú ogun, pé kò wá pàdé òun lẹ́yìn odi nígbà tí òun dé. Kò sí ọ̀rọ̀ ìkà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Obìnrin olówó tó ń ra ìbọn àti ẹ̀tù fáwọn ológun ni, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí ti kú sórí ìkúnlẹ̀, wọ́n wá rọ̀ ọ́ lóyè, wọ́n sì fi ẹrú inú ilé ẹ̀ pa á lóru. Ìyá ìyá mi ò fẹ́ gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n tá a bá fẹ́ mọ Ààrẹ, a ní láti mọ èyí mọ́ ọn, ká sì mọ̀ pẹ̀lú pé ọkùnrin yìí kan náà fi ọdún tó gbẹ̀yìn ayé ẹ̀ jókòó sí ibùdó Kírìjí, tó kú síbẹ̀ ní 1885, ọdún kan ṣáájú kí wọ́n tó fọwọ́ sí àdéhùn.

Nítorí náà, bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí: bí baba ńlá yín bá jẹ́ ará Ìbàdàn, ẹ mú ọjọ́ kan lọ sí ìlú tó fọ́. Ẹ má lọ ṣe ìgbéraga, ẹ má sì lọ tọrọ àforíjì tí ẹnì kankan ò rán yín. Ẹ kàn sọ pé "ọmọ báyìí ni mí, mo fẹ́ gbọ́ bí ó ṣe rí lọ́dọ̀ yín." Kò tíì sí ibi tí wọ́n ti lé mi. Ẹ máa gbọ́ orúkọ àwọn tí wọ́n kó lọ tí wọn ò padà, àwọn kan nínú wọn wà nínú oríkì ilé yín láìjẹ́ pé ẹ mọ̀, torí wọ́n ti di ìyá ńlá yín.

Bó bá jẹ́ sójà ayé òyìnbó lẹ fẹ́ kọ, iṣẹ́ yẹn rọrùn díẹ̀. Ẹni tí bàbá ẹ̀ bá lọ sí Bọ́mà pẹ̀lú ogun West Africa, ẹ wo ìsàlẹ̀ àpótí, ìwé tí wọ́n fi tú u sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ológun máa ń wà níbẹ̀ pẹ̀lú mẹ́dà, nọ́mbà ẹ̀ wà lára ẹ̀, nọ́mbà yẹn ni kọ́kọ́rọ́. Tó bá jẹ́ àwọn tí gbogbo ayé mọ̀, bí Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó-Èkìtì tí wọ́n pa n'Íbàdàn ní oṣù keje 1966 pẹ̀lú àlejò ẹ̀ Aguiyi-Ironsi tó jẹ́ olórí ìjọba ológun Nàìjíríà, ìwé ìròyìn pọ̀ lórí ẹ̀, ohun tó ṣọ̀wọ́n ni bó ṣe rí kó tó di gómìnà, àwọn tó bá a ṣeré lọ́mọdé ni kẹ́ ẹ máa wá ìdílé wọn.

Tó bá tó àkókò láti kọ ọ́, mo máa ń lo àwọ̀ mẹ́ta. Dúdú ni ohun tí ẹni tó wà níbẹ̀ kọ sílẹ̀ lásìkò náà. Búlúù ni ohun tí ilé sọ fún mi, mo sì máa ń kọ ẹni tó sọ ọ́ àti ọjọ́ tó sọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Pupa ni èrò tèmi. Tí mo bá wá kà á tí mo rí i pé pupa pọ̀ ju dúdú àti búlúù lọ, mo mọ̀ pé mi ò tíì ṣe tán, mo padà sọ́nà. Tí dúdú àti búlúù bá ta ko ara wọn, ẹ má yan ọ̀kan pa ìkejì, ẹ kọ méjèèjì, ẹ ní "Johnson ní báyìí, ilé ní báyìí." Òǹkàwé gbọ́n.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbí. Kò sẹ́ni tó ń fi ìbí bẹ̀rẹ̀ ìtàn jagunjagun lẹ́nu àgbà, ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Kúrunmí, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ láti ọjọ́ tó ní òun ò ní tẹrí ba fún Adélù tó jẹ Aláàfin lẹ́yìn Àtìbà bàbá ẹ̀ ní 1859, torí àṣà àtijọ́ ni pé kí Àrẹ̀mọ bá ọba kú. Láti ibẹ̀, ẹ lè padà sẹ́yìn sọ bó ṣe di ẹni tó lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ọba, kẹ́ ẹ tún wá síwájú sọ bí ogun ṣe pa ọmọ ẹ̀ márùn-ún lójú ayé ẹ̀ tí òun náà sì tẹ̀ lé wọn ní 1861, kí Ìjàyè tó tú. Ẹ kọ ọ́ bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ gan-an. Bí ẹ bá ti kọ ojú ewé kan, ẹ kà á sókè fún ọmọ ọdún méjìlá kan nínú ilé, ibi tó bá ti ń wo ẹnu ọ̀nà, ẹ lọ tún ibẹ̀ ṣe.

Tẹ́ ẹ bá parí, ẹ má tíì tẹ̀ ẹ́. Ẹ ṣe ẹ̀dà méjì, ẹ fún ilé ẹni tẹ́ ẹ kọ ìtàn ẹ̀ ní ọ̀kan, ẹ fún ilé àwọn tó bá jà ní ìkejì, ẹ fún wọn ní oṣù kan. Àwọn méjèèjì máa bínú sí ibì kan, ibi tó bá yàtọ̀ síra ni kẹ́ ẹ retí. Ẹ kọ àtakò wọn sísàlẹ̀ ojú ewé náà gan-an pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu wọn, ẹ má pa á rẹ́. Ohùn tẹ́ ẹ rẹ́kọ́dù, ẹ fún ẹni tó sọ ọ́ ní ẹ̀dà, ẹ fi ọ̀kan sí láìbìrì tó sún mọ́ yín, ẹ tọ́jú ọ̀kan. Èmi ti ṣe tèmi báyìí lórí Kírìjí, ojú ewé mọ́kànlélógójì, àtakò bàbá wa nílé Ìjẹ̀ṣà gba ojú ewé mẹ́ta, ti Òkè-Àrẹ gba mẹ́rin, wọ́n sì ti ní kí n wá lóṣù tó ń bọ̀, àwọn ṣì ní nǹkan láti fi kún un.